Òkúta Inú Adìẹ Àwẹ̀ró

Àwọn àgbà máa ń sọ pé: "Adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun ò léyín, ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì ni?" Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa létí débi pé a kì í bi í wò mọ́. Ta ni adìẹ ráhùn fún? Kí ló da òkúta pọ̀ mọ́ oúnjẹ? Ta ló sì lọ fa ìdérègbè wọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án? Obìnrin kan ló wà nídìí rẹ̀, ìyàwó tuntun ni nígbà náà.

Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Àkànmú àgbẹ̀ ló fẹ́ ẹ wá sí abúlé Ìdí-Ahùn. Ìyá tó bí i ti kú kó tó dá ojú mọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí ẹnu rẹ̀. "Èmi tí n ò níyàá" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí ẹlòmíràn ṣe ń fi "ẹ kú àárọ̀" bẹ̀rẹ̀.

Àṣà kan wà ní Ìdí-Ahùn. Bí ìyàwó bá wọlé, ìyá ọkọ a kó ọmọge adìẹ fún un, àwọn tí kò tíì yé ẹyin rí, kó máa sìn wọ́n. Wọn a wá máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí àwọn adìẹ náà bá yè tí wọ́n sì yé, a jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ gba ọ̀sìn. Bí wọ́n bá kú, kò sẹ́ni tí yóò bú u. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá bímọ, ìyáálé ni wọn yóò gbé ọmọ náà fún pé kó bá a tọ́ ọ. Àwẹ̀ró sì ti lóyún. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló sọ fún.

Ló bá gbájú mọ́ adìẹ. Láràárọ̀, kó tó bọ́jú, á ti lóṣòó sídìí ilé wọn. Á wo ogbe orí wọn bóyá ó pọ́n. Á gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ọwọ́ wọn ìwúwo wọn, á fetí sí èémí wọn. Á tún fi igi tú ìgbẹ́ wọn wò. Ọ̀ṣunfúnkẹ́, ìyáálé rẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, kí ni wọ́n wí lónìí?"

"Wọ́n ní ẹ kú àárọ̀, ìyáálé mi."

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró rí ọ̀kan nínú wọn tó ṣa òkúta lójú ọ̀nà, ó sì gbé e mì káló. Òmíràn ṣa tirẹ̀. Ìdérègbè ará ilé kejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń rún èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, ó di ojú méjèèjì bí ẹni tó ń gbádùn ayé. Àwọn adìẹ ń ké kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Lójú Àwẹ̀ró, ẹkún ni.

"Ó mà ṣe o," ó wí. "Ẹ ò léyín bíi tirẹ̀, òkúta ló wá kù fún yín!"

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́. Ó po amọ̀, ó fi rẹ́ ilẹ̀ ilé wọn títí ó fi ń dán. Ó fẹ́ ọkà bàbà, ó ṣa gbogbo òkúta inú rẹ̀ bí ìgbà tó fẹ́ se oúnjẹ àna. Omi tó mọ́ gaara ni wọ́n ń mu.

Kò pẹ́ tí ogbe wọn fi ṣá. Àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn wọn le, kò fà, bí wọn ò tilẹ̀ jẹun láti àná. Nínú ìgbẹ́ wọn, Àwẹ̀ró rí ọkà lódindi, bó ṣe wọlé ló ṣe jáde. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀kan gbé orí lé ìyẹ́, ó kú.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó wo Àwẹ̀ró tó fọwọ́ bo ikùn.

"Má bẹ̀rù, ìyàwó," ó rọra wí. "Èyí tó bá ti ibẹ̀ yẹn jáde, n ó tọ́ ọ bí ọmọ mi."

Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ìyẹn gan-an ló pa Àwẹ̀ró lẹ́kún.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá Àkànmú. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Màmá, n ò febi pa wọ́n o. Òkúta ẹyọ kan ò kàn wọ́n lẹ́nu. Wọn ò léyín ni, Màmá! Wọn ò léyín!"

"Òkúta ẹyọ kan?"

"Ẹyọ kan, Màmá."

Ìyá náà mú adìẹ tirẹ̀ kan tó ń jẹ̀ káàkiri, ó pa á, ó yọ iwe rẹ̀, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó pẹ̀lú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀.

"Là á."

Àwẹ̀ró là á. Òkúta ló kún inú rẹ̀: funfun, dúdú, ọ̀kan pọ́n bí iyùn. Gbogbo etí wọn ti jẹ, wọ́n ń dán bí ohun tí ẹnìkan fi sùúrù gbẹ́. Láàárín wọn ni ọkà wà, ó ti kúnná lúbúlúbú. Ara iwe náà nípọn, ó le bí ọwọ́ tó di nǹkan mú.

Ara Àwẹ̀ró bù máṣọ.

"Màmá, ọlọ mà ni!"

"Ọlọ ni."

Láti kékeré ni Àwẹ̀ró ti ń kúnlẹ̀ nídìí ọlọ, tí apá ń ro ó. Ẹyẹ kékeré yìí sì gbé tirẹ̀ sínú, ó ń lọ ọkà bó ṣe ń rìn, ó ń lọ̀ ọ́ bó ṣe ń sùn, etí kankan ò gbọ́. Àwẹ̀ró wo ilẹ̀ àgbàlá, ó dà bíi pé òun ò rí òkúta rí láyé.

"Ta ló kọ́ ọ, Màmá?"

"Ẹni tó dá a mà ni. Ó mọ ìdí tí kò fi fún un léyín."

Wọ́n ṣí ilé adìẹ. Àwọn tó kù ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ jáde, wọ́n kọjá lára ọkà tí wọ́n dà sílẹ̀ fún wọn, wọ́n lọ tààrà sí ojú àgbàrá, wọ́n ń ṣa òkúta. Ogbe wọn padà pọ́n, nígbà tó sì yá, ọ̀kan yé.

Àwẹ̀ró gbé ẹyin náà lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹkún ló ń sun.

"Màmá, ọ̀kan ti kú lọ́wọ́ mi. Èmi tí n ò níyàá, ta ló kọ́ mi ní ọmọ títọ́? Bí mo bá bí ọmọ inú mi, ẹ kúkú gbé e fún ìyáálé mi."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i pé ogbe wọn ṣá? Ta ló rí odindi ọkà nínú ìgbẹ́? Ìyá ìyáálé rẹ ṣì wà láyé. Ṣé ìyáálé rẹ náà tú ìgbẹ́ adìẹ wò rí?"

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ o!" Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ké láti ìdí àrò. "Èmi àti ìgbẹ́ kọ́!"

"Ṣé o gbọ́? Ìwọ àti adìẹ rẹ, ọ̀kan náà ni yín. Adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun ò léyín!"

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ yọjú pẹ̀lú èéfín lójú.

"A jẹ́ pé èmi tí mo níyàá ni ìdérègbè tó léyín nìyẹn? Ṣé irin ni mo ń gbé mì ni?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí Àwẹ̀ró bí ọmọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé e lé, kò sì sẹ́ni tó na ọwọ́ láti gbà á.

Bí gbólóhùn ẹnu ìyá ọkọ àti ti ìyáálé ṣe so pọ̀ di òwe nìyẹn. Ẹni tí Ẹlẹ́dàá ti fún ní ọlọ tirẹ̀ nínú, tó wá jókòó tó ń ráhùn ohun tí a kò fún un, òun la ń pa á fún: adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun ò léyín, ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì ni?