Bí Fẹ́yíṣarà Ṣe Ra Ọkọ̀ Rẹ̀ Àkọ́kọ́

Akínpẹ̀lú, ọ̀gá àwọn tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ lórí òkè kan ní Abẹ́òkúta, ti gba àsansílẹ̀ ọkọ̀ kan lọ́wọ́ Fẹ́yíṣarà, opó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìwakọ̀. Ó wá ní mẹkáníìkì kankan kò gbọdọ̀ yẹ ọkọ̀ náà wò: kí obìnrin yìí gbé e bẹ́ẹ̀, tàbí kó gbàgbé owó rẹ̀. Fẹ́yíṣarà kò jiyàn, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mo gbà, bàbá. Ó ku àdúrà. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà nísàlẹ̀ òkè yìí. N ò tíì mọ ọkọ̀ wà dáadáa lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ bá mi wà á débẹ̀, kí màmá náà jókòó sẹ́yìn, kí àdúrà lè kàn yín.” “Àmín o!” ni ìyàwó Akínpẹ̀lú, tó dúró nítòsí, wí, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ni ọkọ rẹ̀ bá figbe ta lójú gbogbo oníbàárà: “Ìyá Ṣọlápé, má wọ̀ ọ́! Ṣé o fẹ́ kú ni? Bíréèkì ẹ̀ ò mú!” Fẹ́yíṣarà kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹ ṣé gan-an, bàbá, Ọlọ́run á dá ẹ̀mí tiyín náà sí. Èyí tí màmá lè wọ̀ ni kí ẹ tà fún mi.” Akínpẹ̀lú wojú àwọn oníbàárà, ó wojú ìyàwó rẹ̀, ó sì lọ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mìíràn wá. Òun fúnra rẹ̀ ló wà á sọ̀kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn, orin ọpẹ́ kò sì kúrò lẹ́nu Fẹ́yíṣarà títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.