Ọsàn Wẹ́wẹ́ Inú Ìkòkò Aró

“Ẹni tó bá mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá.” Kò sí ilé tí wọn kì í ti í pa òwe yìí. Bí ọmọ bá jẹun tán tí kò kí ìyá rẹ̀, òun ni wọ́n ń fi sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ló kan inú rírò nínú ọpẹ́? Ṣé ẹni tí a ṣe lóore kò kàn ní la ẹnu kó ní “ẹ ṣeun” ni? Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ìlú kan wà tí wọ́n tẹ̀ dó sórí àpáta. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Àwẹ̀ró níyàwó lọ fún Lákánlé. Ìyá Àwẹ̀ró ti kú kí ìgbéyàwó náà tó wáyé, Àwẹ̀ró kò sì rí nǹkan kan mú nínú ilé ìyá rẹ̀ ju ọ̀dọ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan tó hù lẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tó délé ọkọ, kò rí ilẹ̀ gbìn ín sí, àpáta ni gbogbo àgbàlá. Ó bá wá ìkòkò aró kan tí ìdí rẹ̀ ti lu, ó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó gbin ọsàn rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Bó bá jí, òun ló kọ́kọ́ ń kí. Lójú tirẹ̀, bí igi yìí bá kú, ìyá òun kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Igi náà dàgbà, ó tanná, ó so. Àwẹ̀ró ní orí ìyá òun ló ń bá òun ṣe é. Tẹ̀tẹ̀ tilẹ̀ hù nínú pàlàpálá àpáta lábẹ́ ìkòkò, níbi tí omi ń jò sí, Àwẹ̀ró sì ń já a sọbẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó tètè ti odò dé. Ó bá ìyáálé rẹ̀, Ìyá Fájọbí tó ń sin ewúrẹ́, lórí ìkòkò ọsàn náà, ó ń fi ahá da omi dúdú kan sí i. Òórùn ìgbẹ́ ewúrẹ́ gba imú Àwẹ̀ró. Yéè! Díẹ̀ ló kù kí omi orí rẹ̀ dà nù.

“Ìyáálé mi, kí ni mo fi ṣe yín? Ìgbẹ́ ewúrẹ́ lẹ ń dà sórí ìyá mi?”

Ọ̀rọ̀ orogún mà le o! Ìyá Fájọbí wò ó, ó gbọn ahá rẹ̀.

“Ó dáa, ìyàwó. N kò ní dà á mọ́.”

Ó wọlé lọ. Àwẹ̀ró wọ́ ìkòkò rẹ̀ lọ sẹ́yìn yàrá, níbi tí ojú orogún kò ti ní tó o. Láti ọjọ́ náà, omi odò tó mọ́ gaara nìkan ló ń bù sí i.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ewé ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Èso rẹ̀ ń rẹ̀ dànù ní tútù. Àwẹ̀ró fi omi kún omi, pàbó ló já sí. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìkòkò wà tẹ́lẹ̀, ó ń sunkún ìyá rẹ̀ lọ́tun. Ibẹ̀ ló ti rí tẹ̀tẹ̀ inú pàlàpálá. Ó ṣì ń dán, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́.

Ẹkún dá lójú rẹ̀. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Orí àpáta ni tẹ̀tẹ̀ yìí wà, kí ló ń rí jẹ? Omi dúdú tó ti jò láti ìdí ìkòkò, tó ṣì kù nínú pàlàpálá, ni! Iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò náà ńkọ́, mélòó ni tí igi fi jẹ ẹ́ títí tó fi so? Áà, ẹnìkan ló ń bọ́ igi yìí látọjọ́ tó ti dé, nígbà tí òun bá wà lódò.

Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Fájọbí.

“Ìyáálé mi, ẹ foríjì mí. Ẹ ṣeun. Ó pẹ́ tí mo ti ń jẹ oore yín, n kò mọ̀.”

“Dìde, ìyàwó. Igi inú ìkòkò kò lè na gbòǹgbò lọ wá oúnjẹ kiri. Ohun tí a bá gbé fún un ló ń jẹ. Bí èmi náà ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo wọ ilé yìí, kò sì sẹ́ni tó gbé nǹkan kan fún mi.”

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún, ó dì mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì ló jọ gbé ìkòkò náà padà sí àyè rẹ̀. Ìyá Fájọbí kọ́ ọ bí a ṣe ń rẹ ìgbẹ́ ewúrẹ́ títí yóò fi jẹrà, tí a ó tún fi omi là á, nítorí èyí tí kò bá tíì jẹrà á jó gbòǹgbò. Ewé ọsàn tún padà dúdú minimini, igi náà sì tún so wọ̀ǹtìwọnti. Láti ìgbà náà, kò sí òwúrọ̀ tí Àwẹ̀ró kì í kúnlẹ̀ pé, “Ìyáálé mi, ẹ ṣeun àná.”

Ìyá Fájọbí á bú sẹ́rìn-ín. “Kí ni mo tún ṣe lánàá? Ṣebí ìwọ fúnra rẹ lò ń bọ́ ọ báyìí.”

“Mo tún rò ó ni.”

Ohun tó mú inú rírò wọ inú ọpẹ́ nìyẹn. Oore tó hàn gbangba, òmùgọ̀ náà lè dúpẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn wa, tó tilẹ̀ ń rùn sí wa nímú, àfi ká jókòó rò ó ká tó rí i. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń gbádùn oore tí kò mọ ẹni tó ṣe é, tó ń pè é ní agbára ara rẹ̀, àwọn àgbà á ní, “Ẹni tó bá mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá.” Bí wọ́n bá pa á fún ìwọ náà, má bínú. Jókòó, kí o wo ẹni tó ń bọ́ ọ nígbà tí o bá lọ sódò.