Bí Mo Ṣe Dárúkọ Ọdẹ́yalé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ ìwé ìwádìí, ẹ fi gègé sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú ọdẹ rí. Èmi ni Ọdẹ́bùnmi, ọmọ Ògúnṣọlá ará Òkè-Ìrókò. Owú ló gbé mi dé igbó iwin, n kò ní purọ́. Nígbà tí ikọ́ líle ń bá àwọn ọmọ ìlú wa jà, ọba ní ẹni tó bá já ewé tó ń wo ikọ́ náà wá láti inú igbó iwin ni yóò jẹ Olúọdẹ. Ọdẹ́yalé ló kọ́kọ́ lọ, ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń kí kí wọ́n tó rántí mi. Bí wọ́n bá ti ń yìn ín, àyà mi a máa ta mí bí ẹni gbé ata mì. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé ìdí ewé, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, ó sì wọ́ wálé lọ́wọ́ òfo. Inú mi dùn! Mo gbé ìbọn, ó di ọ̀nà.

Igbó náà ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Igi ń kùn, òkúta ń sín. Ní gbogbo oríta ni mo ti ń rí màrìwò tí Ọdẹ́yalé so mọ́ igi. Mo ń tẹ̀ lé e, mo sì ń ṣépè fún ẹni tó so ó. Báyìí ni mo dé ọ̀dọ̀ Abèèrè-ìdí, iwin olójú kan tó ń ṣọ́ ewé.

“Ọmọ ènìyàn, ta ló fọ̀nà hàn ọ́?”

Mo la ẹnu láti wí pé ojú ara mi ni. Ewé tí mo wá já bẹ̀rẹ̀ sí rọ níwájú mi.

“Bàbá, ṣebí ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn?”

“Ẹsẹ̀ rẹ ló rìn ín; ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.”

Mo rí i tí ewé náà tún ń rọ sí i. “Ọdẹ́yalé ni, bàbá.”

“Já ewé. Ṣùgbọ́n bí o bá délé tí o gbé orúkọ náà mì, omi lásán ni àgbo rẹ.”

Ní ààfin, ọba kò bèèrè ohunkóhun. Bí mo bá dákẹ́, oyè ti di tèmi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń wúkọ́ lẹ́yìn ìyá wọn.

“Kábíyèsí,” ni mo wí, “èmi ni mo já ewé, Ọdẹ́yalé ló mọ ọ̀nà. Màrìwò rẹ̀ ṣì wà ní oríta. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ wò ó.”

Wọ́n se àgbo, ikọ́ lọ; ọba ní ẹni tó la ọ̀nà ló ni oyè, wọ́n sì fi Ọdẹ́yalé jẹ Olúọdẹ. Mo sunkún nílé. Mo ṣì ń jowú rẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní mo rí nǹkan nínú igbó, kò sẹ́ni tó ń bi mí bóyá òótọ́ ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, bó ti wù kí ẹ fi ẹnu ara yín tún un sọ tó, ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín, kí ẹ sì tọ́ka sí ojú ìwé tí ẹ ti rí i. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ń ta yín lẹ́nu jù lọ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.