Lẹ́tà Méjì Lábẹ́ Bíbélì

Dúró níbẹ̀, ìwọ tí ò ń kàwé yìí! Bí a bá pẹ́ lórí imí, eṣinkéṣin níí bá ni níbẹ̀.

Lẹ́tà méjì dé ilé Ìbídùn lọ́sẹ̀ kan náà. Yunifásítì gba Adégbọlá ọkọ rẹ̀ láti kàwé oyè kejì, iléeṣẹ́ kan sì fún un níṣẹ́ àkọ́kọ́. Yunifásítì àti iléeṣẹ́ náà fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Adégbọlá kó lẹ́tà sábẹ́ Bíbélì, ó ní òun ń retí ìran.

Wòlíì kan tó lọ bá sọ pé ilé ìwé ni ògo rẹ̀ wà. Èkejì ní iṣẹ́ ni. Ẹ̀kẹta ní ayé ló fi méjèèjì dẹ pàkúté fún un, àfi kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún.

“Bàbá Mofẹ́, ṣé Ọlọ́run ò fún yín lọ́pọlọ ni?” Ìbídùn figbe ta. “Ẹ yan ọ̀kan!”

“Ẹran ara ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, Ìyá Mofẹ́.”

Nígbà tí ààwẹ̀ yóò fi parí, wọ́n ti fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ níbi méjèèjì. Ìbídùn pọn ọmọ, ó dúró lé ọkọ rẹ̀ lórí.

“Èwo nínú àwọn wòlíì yín ló rí èyí?”

Ìwọ tí o ń fi àdúrà sá fún ìpinnu, mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Jésù, dìde lórí eékún rẹ lónìí, kí o lọ fèsì.