Eyín Àkọ́hù Àwẹ̀ró

"Bàbá Àwẹ̀ró, má jẹ́ kí eyín ọmọ wa gun ara wọn." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyàwó Ọ̀yà nìyẹn kó tó kú.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Àlọ́ mi o! "Àlọ̀!" Ó dá lórí Ọ̀yà àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Eyín tuntun ń hù lẹ́yìn eyín àkọ́hù Àwẹ̀ró, àkọ́hù kò sì jáde. Ọmọ náà wá ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọ̀yà so òwú mọ́ eyín náà, ó tún tú u. Ó so ó lẹ́ẹ̀kejì, ó tún tú u. Ìyá ọmọ ló kọ́kọ́ rí eyín yẹn nígbà tó hù.

Òkété aládùúgbò ní, "Ọ̀yà, àlejò ti wọlé, onílé ò dìde! Orí ta ni kó jókòó sí?"

Ẹ bá mi gbè é: Ẹ̀gbọ́n, dìde fún àbúrò o! "Dìde, dìde!"

Lẹ́ẹ̀kẹta, Ọ̀yà fà á, ó jáde. Àwẹ̀ró sunkún díẹ̀, ó fi ahọ́n kan ibi tí eyín ti jáde wò. "Bàbá mi, àyè ti wà."

Ibi tí mo bá Ọ̀yà dé nìyí. Kò tíì ju eyín náà sórí òrùlé. Kò tíì ká ẹní ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀. Kò tíì se oúnjẹ kan láì bu ti ìyàwó náà sọ́tọ̀.