Ilẹ̀kùn Tó Ní Kí Afọ́jú Fi Ojú Ṣí Òun

Tíṣà kan wà ní ìlú ńlá kan, tí àìsàn gba ojú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu ewú. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ kó tó di pé kò ríran mọ́. Nígbà tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó padà sílé, ó jókòó ti ògiri, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ bó ẹ̀gúsí. Obìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fi ẹnu kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tó wá ń fi èékánná bó ẹ̀gúsí láti àárọ̀ dalẹ́, ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe.

Ọlọ́run kò sùn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran tó wà nílùú náà ń wá olùkọ́ kan, wọ́n sì ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní ẹni tó mọ bí òkùnkùn ṣe rí làwọn ń fẹ́. Ohun tó kù kò ju ìdánwò tí ìjọba yóò ṣe fún un nígbà tí òjò bá dá. Inú ìwé kan ni gbogbo ìbéèrè ìdánwò náà yóò ti jáde, ìwé náà sì wà ní ilé-ìkàwé ìjọba, láàárín àwọn ìwé tó ń sọ̀rọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ fún ọ. Ilé-ìkàwé náà ti kó àwọn ìwé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ènìyàn bá ṣí ọ̀kan lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ohùn kan yóò máa kà á sí i létí. Torí àwọn afọ́jú ni wọ́n ṣe ṣe é, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò títí etí fi kún. Ohun rere ni. Èmi kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ, fóònù ni mo fi ń gbúròó àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun.

Tíṣà gbé fóònù rẹ̀, èyí tó máa ń ka ohun tó bá wà lójú rẹ̀ síta. Ó tẹ orúkọ rẹ̀, ó tẹ àdúgbò rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń yá gágá. Ni fóònù bá ní: “Tẹ àwọn lẹ́tà tí o rí nínú àwòrán yìí, láti fi hàn pé ènìyàn ni ọ́.”

Ó ní kó tún un sọ. Ohun kan náà ló tún sọ. Ìwé tí wọ́n torí afọ́jú ṣe, ojú ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀wé. Nítorí náà, ó lọ bẹ fọkanáísà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìyẹn nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó wo àwòrán náà títí.

“Tíṣà, ekòló ni wọ́n tò síbí yìí o.”

Síbẹ̀, ó ṣa àwọn lẹ́tà náà jáde. Ìwé ṣí. Ohùn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí kìíní, ó tutù bí omi àmù. Tíṣà gbé fóònù ka àyà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí orí kìíní parí, tó fẹ́ kí orí kejì bẹ̀rẹ̀, fóònù tún ní kó fi hàn pé ènìyàn ni òun.

Fọkanáísà ti lọ bá wọn lẹ táyà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Kó tó dé, ilẹ̀ ti ṣú, ilé-ìkàwé sì ti pa ẹ̀rọ rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà á tẹ̀ lé wọn. Láti ọjọ́ náà, ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni iṣẹ́ ń gbé fọkanáísà lọ láti àárọ̀ dalẹ́, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń jókòó sílé, ọjọ́ Àìkú gan-an ni wọn kì í sì í tan ẹ̀rọ náà rárá. Ìwọ rí irú èyí rí?

Tíṣà mú ọ̀pá rẹ̀, ó di ilé-ìkàwé. Ọ̀gá tó ń tọ́jú ibẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ó dìde fún un, ó fà á lọ́wọ́ jókòó, ó ní kí wọ́n bu omi tútù wá, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó. Tíṣà ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un.

“Ààbò ni, Tíṣà,” ni ọ̀gá wí. “Àwọn ẹ̀rọ olè kan wà tó ń ṣe bí ènìyàn kí wọ́n lè wọlé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.”

Tíṣà bi í pé: “Ọ̀gá, ta lẹ ń pa òwe yẹn fún?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ lára. Tíṣà ní kó bá òun ka àwọn lẹ́tà náà, kí òun lè gbọ́ orí kejì níbẹ̀ kí òun tó lọ. Ọ̀gá ní òfin kò gba kí ẹnikẹ́ni bá ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́ nínú ọgbà ilé-ìkàwé. Ó ní kí Tíṣà lọ sí ojú ewé ẹ̀sùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, àwọn àgbà ní olú iléeṣẹ́ yóò rí sí i. Tíṣà fara balẹ̀, ó kọ ọ́ dáadáa bí ẹni tó ti kọ́ ọmọ ní àròkọ rí. Nígbà tó fẹ́ fi í ránṣẹ́, fóònù ní kó tẹ àwọn lẹ́tà tó rí nínú àwòrán.

Ibí yìí làwọn tí mo ń sọ ọ́ fún ti máa ń rẹ́rìn-ín. Má rẹ́rìn-ín.

Òjò dá. Tíṣà wọ gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú orí kìíní nìkan, ó sì fìdí rẹmi. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀dọ́kùnrin kan tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara. Tíṣà padà sídìí ẹ̀gúsí.

Kò pẹ́ sí i, ìjọba ní òun yóò dá ilé-ìkàwé náà lọ́lá nítorí ìwé tó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n wá afọ́jú tí wọn yóò bá ya fọ́tò, orúkọ ẹyọ kan ni wọ́n sì bá nínú ẹ̀rọ wọn. Wọ́n fi ọkọ̀ lọ gbé Tíṣà. Wọ́n gbé e sórí àga níwájú àwọn èèyàn pàtàkì, wọ́n ki íápíìsì bọ̀ ọ́ létí. Kò sí ohun kankan tó ń dún nínú rẹ̀. Ayàwòrán ní kó rẹ́rìn-ín.

Tíṣà yọ íápíìsì, ó dìde. Ohùn tó fi ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì ló fi sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀gá wa fi aṣọ di ojú, kí wọ́n ṣí ìwé kan fún wa ká gbọ́.”

Wọ́n rò pé ara ètò ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá fa áńkáṣíìfù yọ lápò, ó fi di ojú, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti so mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohùn ẹ̀rọ náà gba gbogbo gbọ̀ngàn: “Tẹ àwọn lẹ́tà tí o rí nínú àwòrán yìí, láti fi hàn pé ènìyàn ni ọ́.”

Ọwọ́ ọ̀gá dúró. Ẹ̀rọ tún un sọ. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sí ìdí áńkáṣíìfù láti tú u.

“Ẹ má tú u, ọ̀gá,” ni Tíṣà wí. “Èmi ò rí tèmi tú.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yọ àwòrán náà kúrò. Kò gbà wọ́n ju àkókò tí ènìyàn fi ń mu ife tíì kan lọ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn náà lọ sílé Tíṣà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ìyàwó rẹ̀. Tíṣà ní kó dìde.

“Ilẹ̀kùn ìwé ti ṣí, ọ̀gá. Ti iṣẹ́ ló ti tì.” Ó sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ìwọ ni mò ń bá wí. Ilé-ìkàwé tuntun tí wọ́n fi ọ́ ṣe alága rẹ̀, o ní kí ọdún tó yí, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. O fi hàn mí lórí fóònù rẹ bó ṣe ń dán, o sì fún mi ní káàdì tí ẹ fi ń pe èèyàn síbi ayẹyẹ tí ẹ ó fi ṣí i. Ta lo ní kó kọ́kọ́ lò ó wò? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú wọn ríran kedere, tí fóònù wọn tóbi bí àwo? A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Lọ wá ẹni tí kò ríran. Wá ìyá arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Wá ẹni tí fóònù rẹ̀ kò mọ̀ ju kó pe èèyàn lọ. Kí wọ́n jókòó, kí ìwọ dúró lẹ́yìn wọn, pa ẹnu rẹ dé, má sì fi ìka kan ohunkóhun. Bí wọn kò bá lè wọlé, ilé rẹ kò tíì ní ilẹ̀kùn, èmi kò sì ní wá wo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣí i.

Má sì sọ fún mi pé o kò di ẹnikẹ́ni sínú. Ọ̀gá ilé-ìkàwé yẹn náà kò di Tíṣà sínú. Ẹ̀gúsí ṣì ń bẹ lọ́wọ́ Tíṣà títí di òní.