Ọmọ A-jẹyán-má-fọdó

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá; àrọ́bá ni bàbá ìtàn. Gbogbo wa là ń pa òwe yìí, àgàgà bí a bá fẹ́ kí wọ́n kà wá mọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ gbọ́ ọ bí èmi náà ṣe gbọ́ ọ.

Ogun ló gbé ìyá bàbá Báńkárere dé ìlú onílùú. Ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí dàgbà kó tó kú. Nígbà tí Báńkárere fẹ́ fi Àṣàbí ṣaya, bàbá ọmọbìnrin náà ní ìwà rẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n òun kò lè fọmọ fún ẹni tí òun kò mọ ilé rẹ̀. Kó lọ mú àgbà ilé wọn wá tọrọ ìyàwó.

Ọkàn Báńkárere dàrú, nítorí ó fẹ́ràn Àṣàbí dénú. Orúkọ ìlú wọn nìkan ló mọ̀, Òkè-Àgbàrà. Nígbà tó débẹ̀, ó ń ya agboolé kiri, ohun kan náà ni wọ́n sì ń bi í níbi gbogbo: kí ni wọ́n fi ń kì wọ́n nílé? Á ní òun kò ní oríkì. "Ọmọ a-jẹyán-má-fọdó" ni ìyá àgbà máa ń kì í bó bá dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, ó sì gbà pé ìyá fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ òun ni. Ta ni yóò fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní alájẹkì lójú àlejò?

Ní agboolé tó kù kẹ́yìn, ìyá arúgbó kan, Ìyá Ayọ̀ká, rí ebi lójú rẹ̀, ó sì gbé iyán fún un. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó wo àwo, ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ìyá àgbà mi ò parọ́ mọ́ mi, ìyá. Ọmọ a-jẹyán-má-fọdó ni wọ́n ń pè mí."

Ìyá Ayọ̀ká dìde. "Ó jẹyán tán, ó gbọ́ pógun dé, ó fodó sílẹ̀, ó gbé ọ̀kọ̀. Baba ńlá wa nìyẹn, ọmọ mi. Pé kò dúró fọdó ló jẹ́ kó ráyè gba ìlú yìí là. Kí ni orúkọ ìyá àgbà rẹ?"

"Àwẹ̀ró ni."

Ìyá náà dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ogun gbé lọ ni Àwẹ̀ró.

Ọjọ́ tí wọ́n wá tọrọ Àṣàbí, inú gbogbo ilé dùn. Báńkárere ń ròyìn baba ńlá rẹ̀ bí ẹni tó wà níbẹ̀, ni bàbá ìyàwó bá bi í bó ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ìyá Ayọ̀ká ló gbà á sọ pé kò bá ìtàn, ó bá àrọ́bá ni.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á fún ọ̀dọ́ tó bá ní kò sí bí òun ṣe lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí òun, tàbí tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá àgbà sí àwàdà: bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni bàbá ìtàn.